Ìràwọ̀ Kan fún Ìwé Tolúwalọpẹ́

Fúnkẹ́ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ló kọ́kọ́ rí i. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó ṣàkíyèsí pé ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kò ní àgádágodo lẹ́nu, wọ́n kàn pa ilẹ̀kùn dé ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní gbogbo Àgbádárìgì, kò sí ẹni tó ń fọkàn sí àgádágodo tó Láńrewájú tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Fúnkẹ́ yọjú wọlé. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn orí, awò tó fi ń kàwé sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni.

Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn kí Inspẹ́kítọ̀ Àmínátù Akíndé tó dé. Obìnrin kúkúrú ni Àmínátù, ọmọ àwọn oníṣòwò aṣọ tó wà létí títì márosẹ̀. Kì í gbé ohùn sókè. Àwọn olè tó ti bá a pàdé rí máa ń sọ pé ìgbà tó bá ń rọra sọ̀rọ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀.

Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Owó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ wà ní igun pẹpẹ onírin kan. Fóònù Láńrewájú kò sí níbì kankan. Gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ ló wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n láti ilé ìtẹ̀wé. Àmọ́ lórí káńtà, ọ̀rá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ya, kò sí ìwé nínú rẹ̀.

"Ṣé ó máa ń ṣí ìwé fún oníbàárà ni?" Àmínátù béèrè lọ́wọ́ Fúnkẹ́.

"Láńrewájú kẹ̀? Kó ṣí ìwé? Màdáàmù, tó o bá fi èékánná kan ọ̀rá yẹn lásán, o ti rà á nìyẹn. Ó ní tí ọ̀rá bá ti ya, ìwé di tòkunbọ̀. Òun fúnra ẹ̀ kì í kà wọ́n. Ọdún kẹfà rèé tí a ti jọ wà níbí, àná ni mo kọ́kọ́ rí i tó ń kàwé."

"Àná? Nígbà wo?"

"Nígbà tí mò ń ti ṣọ́ọ̀bù, ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ó jókòó síbí yìí, ó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ bi í pé ṣé ara ẹ̀ yá."

"Ta ló bá a jà láìpẹ́ yìí?"

Fúnkẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mi ò fẹ́ fi ẹnu mi kó bá ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Tíṣà Tolúwalọpẹ́ wá síbí lánàá lẹ́yìn iléèwé. Láńrewájú ní kó wá kó páálí ìwé rẹ̀ mẹ́rin, pé ẹnikẹ́ni ò rà á mọ́. Tíṣà pariwo. Ó ní Láńrewájú máa kábàámọ̀ rẹ̀."

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Adélékè. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, Tolúwalọpẹ́ ti wà nínú àhámọ́.

Kò sí olùkọ́ létí títì márosẹ̀ tí kò mọ ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ọdún mẹ́ta ni Tolúwalọpẹ́ fi kọ ọ́, *Aṣọ Tó Kù Létí Omi* ló pe orúkọ rẹ̀. Ó tà dáadáa lóṣù àkọ́kọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mọ́kànlá tó wà ládùúgbò náà, tí wọ́n máa ń yan ìwé Yorùbá kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ wọn lọ́dọọdún, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti máa ń fún ìwé ní ìràwọ̀. Ẹni mẹ́ta ló fún un ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, wọ́n sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ẹnì kan ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e sórí Wásáàpù àwọn òbí, ọjà bá dojú dé.

Àmínátù mọ̀ nípa rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ikhlas ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ra ìwé náà fún òun. Ó wo ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn lórí fóònù, ó ka gbólóhùn méjì, ó sì ra ìwé mìíràn fún ọmọ. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi dájọ́ ohun tí ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́ta kọ. Kò rántí rẹ̀ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ yìí, ó sì dùn ún.

"Àmínátù, kí lo tún ń wá kiri?" Ọ̀gbẹ́ni Adélékè béèrè. "Obìnrin yìí lérí lójú gbogbo èèyàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ máa gbé e lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà. Tí ọkùnrin yẹn bá kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ni. Iléèwé rẹ̀ ti pè mí, wọ́n ní tó bá ti kọjá àgọ́ yìí, kó má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́."

"Ọ̀rá kan ló ń dà mí láàmú, sà."

"Ọ̀rá?"

"Ẹni tó na Láńrewájú mú ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Páálí mẹ́rin ni Tíṣà ní. Kí ló fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?"

Ọ̀gá rẹ̀ ju èjìká. "Aago mẹ́rin," ló sọ.

Nígbà tí wọ́n mú Tolúwalọpẹ́ jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ ni, yẹ̀rì tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló ṣì wà nídìí rẹ̀.

"Kí lo ní lọ́kàn nígbà tó o ní ó máa kábàámọ̀?" Àmínátù béèrè.

"Pé ìwé náà ṣì máa tà, mà. Pé á tún wá bẹ̀ mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Níbo lo wà ní ìrọ̀lẹ́ àná?"

"Ilé. Èmi nìkan. Mò ń sunkún, mà. Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìwé rẹ?"

"Rárá. Mo ka ìlà kan nínú èyí àkọ́kọ́, mo pa fóònù. Ìràwọ̀ yẹn nìkan ni mo máa ń wò. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń wò ó."

Àmínátù ṣí àwòrán tó ti wà lórí Wásáàpù àwọn òbí láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó kà á sókè. "‘Ẹ má fowó yín ṣòfò. Ní orí kẹsàn-án, ọ̀dọ́kùnrin kan wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, síbẹ̀ ó kú sínú omi. Irọ́ gbuu. Ẹni tí kò mọ omi ló kọ ìwé yìí.’ Àwọn méjì yòókù náà sọ ohun kan náà."

Tolúwalọpẹ́ sún mọ́ fóònù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà, mà."

Àmínátù tún un kà.

"Kò sí orí kẹsàn-án nínú ìwé mi," ni Tolúwalọpẹ́ wí.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́. Tiwalolúwa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ tọ́jú àwọn aláìsàn ní Topo. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ dojú dé, ó sì kú, tòun ti jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Tolúwalọpẹ́ kọ ikú rẹ̀ sí orí kẹsàn-án, ó fi orúkọ mìíràn bò ó. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sílé ìtẹ̀wé, ó kà á fún ìyá rẹ̀ ní Iworo. Ìyá ní ọmọ òun kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn á máa jẹ ẹ̀pà lé lórí. Tolúwalọpẹ́ yọ orí náà kúrò níbẹ̀, ó sì gbé orí mẹ́jọ lọ.

"Ta ló ti rí orí kẹsàn-án yẹn?"

"Màámi, wọn ò sì mọ̀wé. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan péré. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ́lá tó ń kọ́ni ní Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ló bá mi tún iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n sunkún ní pálọ̀ wa nígbà tí wọ́n ka orí yẹn, wọ́n ní òun ló dára jù."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé o yọ ọ́?"

"Ojú ń tì mí láti sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níwájú ìwé náà, mo ní màá mú ẹ̀dà kan wá fún wọn, mo kàn ń sún un síwájú ni."

Sájẹ́ńtì Michael tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbé bíírò rẹ̀ dúró. Ọmọ Ègùn tí wọ́n bí sí Topo ni. "Màdáàmù, ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe irọ́. Àwa mọ̀ ọ́n. Tí ọkọ̀ bá dojú dé lé ẹ lórí, jákẹ́ẹ̀tì máa gbé ẹ lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ lókè. O ò ní lè wálẹ̀ láti yọ jáde. Ó ti pa èèyàn."

Àwọn òbí tó ń gbé létí títì, tí wọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn, ni wọ́n gbà pé irọ́ ni. Àmínátù mọ̀ pé òun wà lára wọn.

Ó ṣí ìkànnì náà fúnra rẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kò bá gbólóhùn orí kẹsàn-án níbẹ̀ mọ́. Ohun tó kù kò ju pé ìwé náà kò dára lọ. Lábẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́, ìkànnì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n tún un ṣe lónìí ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹnì kejì tún tirẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ẹnì kẹta ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

"Níbo ni fóònù Tíṣà wà láti àárọ̀?"

"Inú dúrọ́ọ̀ mi," Michael dáhùn. "Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀."

"Ẹni mẹ́ta tó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ìlú làwọn ti wá. Wọ́n jọ kábàámọ̀ gbólóhùn kan náà láàárín ìṣẹ́jú méje," Àmínátù wí.

Ó pe Mukhtar tó ni ilé ìtẹ̀wé. Ohùn ọkùnrin náà dún fatafata lórí ariwo ẹ̀rọ. "Orí mẹ́jọ ni Tíṣà gbé wá, mi ò rí kẹsàn-án. Ó tún wá yà mí lẹ́nu pé Láńrewájú pè mí lánàá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, aago márùn-ún ti kọjá. Ó ní ṣé mo gbé ìwé tó já fún òun ni, pé òun ti kà á tán, òun ò rí orí tí àwọn èèyàn ń bú. Mo ní kó lọ bi ẹni tó tún un ṣe. Orúkọ wọn wà níwájú ìwé."

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní ó di ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn tó lè sọ ẹni tí Láńrewájú pè lẹ́yìn ìyẹn. Aago méjì ti lù. Àmínátù ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Adékọ́lá pé kó wá sọ ohun tó mọ̀ nípa ìwà Tolúwalọpẹ́.

Ó dé ní aago mẹ́ta. Ọmọ Èkìtì ni, ẹni àádọ́ta ọdún lé díẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú. Ó kí gbogbo èèyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ọmọ dáadáa ni Tolúwalọpẹ́," ó wí, "àmọ́ inú máa ń tètè bí i. Àwọn òǹkọ̀wé, wọn kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́. Ó mà ṣe o."

"Ṣé ẹ ti ka ìwé náà láti ìgbà tó ti jáde, sà?"

"Mi ò tíì fojú kàn án. Ó ní òun máa mú ọ̀kan wá fún mi, mi ò rí i."

"Ẹ ò rà á?"

"Mo ti kà á nígbà tó wà lórí bébà lásán. Kí ni màá tún rà á ṣe?"

"Láńrewájú ńkọ́?"

"Ó ti tó oṣù kan tí a ti ríra. A ò sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Michael kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á fún un, Adékọ́lá sì fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ dìde.

"Ó ku ohun kékeré kan, sà." Àmínátù rọra ti ẹ̀dà ìwé náà kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. "Àwọn òbí ní orí kẹsàn-án ni kò jẹ́ káwọn rà á. Ẹ̀yin lọ̀mọ̀wé. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

Adékọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò fọwọ́ kan ìwé náà. "Ìwé yẹn ò ní orí kẹsàn-án, Inspẹ́kítọ̀. Mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Ẹ wá rí i pé àwọn tó ń kọ nǹkan sórí ìkànnì ò kàwé rárá."

Bíírò Michael dúró sójú kan.

"Mẹ́sàn-án lẹ kà lórí bébà," Àmínátù wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. "Mẹ́sàn-án lẹ dá padà fún Tíṣà. Kò sọ fún yín pé òun yọ ọ̀kan. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé ẹ ò fojú kan ìwé tó jáde. Ta ló wá sọ fún yín pé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn."

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, màá pè é báyìí."

Adékọ́lá tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín dárúkọ rẹ̀. Láńrewájú ni. Lẹ́yìn tó bá Tíṣà jà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ya ọ̀rá ìwé kan, ohun tí kò ṣe rí, ó sì kà á dópin. Kò rí orí tí ẹni mẹ́ta ń bú. Òǹtàwé ni, ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé ìwé tó já ni wọ́n kó fún òun. Ó pe ilé ìtẹ̀wé, wọ́n ní kó bi yín. Ó bi yín láìfura. Ẹ̀yin lẹ fura, torí ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ orí bébà lẹ sì fi bú ìwé tí ẹ kò ṣí wò. Ẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ìwé tó sàmì sí lọ. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí Tíṣà wà ní àhámọ́ mi, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò lórí ìkànnì. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni, bóyá ẹjọ́ Tíṣà ì bá ti dé Ìkẹjà." Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, sà."

Michael gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó jáde. Ó padà pẹ̀lú ìwé kan tí kò ní ọ̀rá àti fóònù kan, inú ìwé ìròyìn tó wà lábẹ́ àga ni wọ́n dì wọ́n sí. Láńrewájú ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn pé, "Èyí tí wọ́n ń bú dà?"

"Mi ò fẹ́ pa á lára," Adékọ́lá wí nígbẹ̀yìn. "Ó bi mí léèrè, mo kálòlò, ó sì yé e. Ó ní òun máa kó ìwé náà padà sójú fèrèsé lọ́la, òun á sì sọ fún gbogbo ìlú. Mo fẹ́ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tì í. Mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn."

Àmínátù ti ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ni ọmọdébìnrin yìí ṣe fún yín?"

"Ìwé méjì ló kù níwájú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, tirẹ̀ àti tèmi. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo mọ̀ ọ́n láti ojú ewé kìíní."

Tolúwalọpẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti ṣí àhámọ́ fún un, ìyá rẹ̀ tó wọkọ̀ wá láti Iworo sì dì í lápá mú. Ilé ìwòsàn ti pe Ọ̀gbẹ́ni Adélékè pé Láńrewájú ti ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ọ̀gá sì ti dá ọkọ̀ Ìkẹjà dúró. Kò bẹ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó bọ́ fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n," Tolúwalọpẹ́ sọ fún Adékọ́lá, "ẹ lè ní mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ lè ní ó sú yín. Àmọ́ ẹ jókòó ní pálọ̀ wa, ẹ sunkún, ẹ di Màámi lọ́wọ́ mú. Ẹ mọ̀ pé bó ṣe kú gan-an nìyẹn. Kí ló dé tó jẹ́ òun lẹ yàn láti pè ní irọ́?"

Adékọ́lá wo tábìlì. Ó mọ ìdáhùn náà dáadáa: òun ni èyí tí àwọn tó ń ra ìwé máa tètè gbà pé irọ́ ni. Kò lè sọ ọ́ lójú ìyá.

"Kí ni wọ́n pè ní irọ́?" Ìyá béèrè. Àmínátù ló gbé fóònù rẹ̀, tó ka gbólóhùn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá tẹ́tí títí ó fi tán. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún.

"Tolú, èyí tí mo ní kó o yọ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, Màámi."

"Dá a padà síbẹ̀. Kọ orúkọ ẹ̀ gan-an, Tiwalolúwa, má fi orúkọ kankan bò ó. Ẹni tó bá tún ní irọ́ ni, kó wá sọ ọ́ fún mi ní Iworo."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ Adékọ́lá kọjá lọ síta.